ÀÀRÒ TÍ Ń FI ÌMỌ́LẸ̀ OÒRÙN SE OÚNJẸ: BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́ ÀTI IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ ìdáná bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

   

Ẹ ó rántí pé nínú ìpàdé wa kan, àwọn olóúnjẹ inú ẹgbẹ́ fẹjọ́ sùn pé owó igi àti owó èédú ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè àwọn tán. Àwọn kan wá dábàá pé kí ẹgbẹ́ yọ nínú owó ẹ̀yáwó, kí a fi ra ààrò tí wọ́n ní ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, kí a pín in fún ọmọ ẹgbẹ́, kí kálukú máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé níbo ni wọ́n ti ń fi oòrùn se ọbẹ̀? Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyálọ́jà wá ní kí àwa márùn-ún lọ wádìí rẹ̀ wá.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun tí a rí ni pé ààrò náà kì í ṣe irọ́. Ó ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ torí rẹ̀ kówó ńlá sílẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé méjèèjì, nítorí ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi í ta á ní ìtakútà.

OÒRÙN TI Ń BÁ WA ṢIṢẸ́ TIPẸ́

Àwa ará Yewa kọ́ ló yẹ kó sọ pé oòrùn kò lágbára. Ta ló ń bá wa gbẹ láfún? Ta ló ń bá wa gbẹ ata, ilá àti ẹ̀gbẹ́ iṣu? Oòrùn náà ni. Ohun tí a kò tíì ṣe ni pé ká sé e mọ́lé kó má lè sá lọ.

Ẹni tó bá ti bọ́ bàtà rìn lórí títì ọlọ́dà ní agogo kan ọ̀sán mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ọ̀dà yóò jó o lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí wọ́n na àpò funfun sí, ara á tù ú díẹ̀. Oòrùn kan náà ló ń pa méjèèjì, àbí? Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ohun dúdú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì gbé mì a di ooru. Ohun funfun a máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wọ aṣọ dúdú lọ sí òde ọ̀sán fi máa ń làágùn ju ẹni tó wọ funfun lọ. Èyí ni àṣírí kìíní.

Àṣírí kejì wà nínú ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá gbé gíláàsì sókè, tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn ní gáréèjì, tí ẹ bá padà wọlé ní agogo méjì, ṣé ẹ lè fìdí lélẹ̀? Inú ọkọ̀ á gbóná ju ìta lọ jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú gíláàsì wọlé, àga gbé e mì, ó di ooru. Ooru yẹn wá fẹ́ jáde, kò rọ́nà. Ooru tó ń ti ara ohun gbígbóná jáde kì í ṣe irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Gíláàsì tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kì í jẹ́ kí ooru yìí kọjá bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná náà há sínú ibẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ pé kí a má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì, ìṣẹ́jú díẹ̀ lè pa á.

Àṣírí kẹta, àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n á mú dígí, wọ́n á fi ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ojú ọ̀rẹ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ ṣeé darí. Bí a bá ta ti ibi mẹ́rin jọ sí ojú kan, agbára ibẹ̀ á pọ̀ sí i.

Àṣírí kẹrin ni ti ẹ̀yin tí ẹ ń kiri ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ ń fi àpò àti aṣọ wé inú agbọ̀n kí ọjà má tètè tutù. Ohun tí a bá wé dáadáa kì í jẹ́ kí ooru sá lọ.

Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ: ohun dúdú tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, gíláàsì tó ń sé ooru mọ́, ohun dídán tó ń ta ìmọ́lẹ̀ jọ, àti ohun tó wé àpótí kí ooru má jò. Ààrò oòrùn nìyẹn. Kò lo iná mànàmáná, kò lo bátìrì. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú sólà tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé láti tan gílóòbù. Sólà ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná. Ti ààrò yìí ń sọ ọ́ di ooru tààrà.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Ní ọdún 1767 ni ọ̀mọ̀wé kan ní Switzerland, Horace-Bénédict de Saussure, ṣe àpótí onígíláàsì, tó fi gíláàsì kan sínú òmíràn, tó gbé e sí oòrùn. Inú rẹ̀ gbóná gan-an, èso tó gbé síbẹ̀ sì jinná. Láàrin ọdún 1834 sí 1838, John Herschel, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń wo ìràwọ̀, wà ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ó ri àpótí pákó sínú iyanrìn, ó fi gíláàsì bò ó, ó fi se ẹyin àti ẹran. Ní ọdún 2009, Jon Bøhmer, ará Norway tó ń gbé ní Kẹ́ńyà, fi páálí méjì, ọ̀kan nínú ìkejì, ṣe irú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn $75,000 lórí rẹ̀. Páálí o! Páálí tí àwa ń kó ìtàkùn ata sí, tí a sì ń sun níná lẹ́yìn ọjà.

BÍ A ṢE ṢE TIWA

Àwa náà ṣe é. A wá páálí ńlá kan àti kékeré kan. A ki kòríko gbígbẹ àti ìwé ìròyìn tí a rún sí àárín méjèèjì. A lẹ bébà fọ́ìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń wé ẹran sísun, mọ́ inú èyí tó kéré. A tẹ́ páànù pẹlẹbẹ tí a kùn ní dúdú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A fi gíláàsì fèrèsé àlòkù bo ojú rẹ̀, a sì fi ìdérí páálí tí a lẹ fọ́ìlì mọ́ ṣe apá tó ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, ojú tì wá. Ẹ̀wà la gbé síbẹ̀, a kò rẹ ẹ́ sómi. Ìkòkò tí a lò nípọn, ó ń dán yọ̀yọ̀. Agogo méjìlá la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Kò sí ìgbà tí ọ̀kan nínú wa kò ní ṣí i wò. Nígbà tó di agogo méjì, òjìji òrùlé ti bò ó, a kò tètè rí i. Títí di agogo mẹ́rin, ẹ̀wà gbóná o, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ró kékeré lẹ́nu bí òkúta. Orí igi la padà gbé e lọ. Àwọn àgbà ní sùúrù ń se òkúta jinná, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ebi ń pa, níbo ló ti fẹ́ rí sùúrù?

Ọjọ́ kejì, a gbọ́n. A wá ìkòkò kékeré tí kò nípọn, tó ní ọmọrí. A fi dúdú ìdí ìkòkò kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọmọrí rẹ̀. A rẹ ìrẹsì sómi, a fọ̀ ọ́, a bomi sí i níwọ̀nba. A gbé ẹyin mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì fi omi sí wọn rárá. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ la gbé e sí oòrùn, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i. Kí agogo méjì tó lù, ìrẹsì ti jinná, kò jóná, kò lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ẹyin náà jinná. A jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí wa gan-an ní ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ojú gíláàsì kọ sókè, ìdérí nìkan la ń yí tẹ̀lé oòrùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: ìkòkò dúdú, ohun díẹ̀ nínú rẹ̀, ká tètè gbé e kalẹ̀, ká má sì ṣí i. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, ooru tó ti kó jọ ti lọ nìyẹn.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

Ìṣirò kékeré kan yóò jẹ́ kó yé wa. Bí oòrùn bá mú ganrínganrín lọ́sàn-án, agbára tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tó bíi wáàtì 1,000. Ìyẹn ni agbára áyọ́ọ̀nù onímànàmáná kan. Ṣùgbọ́n ojú àpótí tó jẹ́ ààbọ̀ mítà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń gbà, ìyẹn wáàtì 250. Ìdérí dídán á fi díẹ̀ kún un, ooru tó ń jò á sì yọ díẹ̀ kúrò. Ṣé ẹ wá rí i? Kì í ṣe pé ààrò náà ya ọ̀lẹ. Ohun tó ń gbà wọlé ló kéré. Ìkòkò ilé ni ó lè gbé, kì í ṣe ìkòkò olóúnjẹ tó ń bọ́ gbogbo gáréèjì.

Ó lè se ìrẹsì, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, iṣu tí a gé wẹ́wẹ́, àti ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú bí oòrùn bá mú dáadáa. Ó lè mú ọbẹ̀ gbóná. Kò lè dín àkàrà, kò lè dín dòdò, kò lè yan gààrí. Kò ṣeé ro àmàlà tàbí ká fi ro láfún, nítorí ohun tí a gbọ́dọ̀ máa rò kò bá àpótí tí a kò gbọ́dọ̀ ṣí mu. Kò mọ àárọ̀ kùtù, kò mọ alẹ́, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ wa ń tajà jù.

Ojú ọjọ́ tún ń bẹ. Láti etí òkun Nàìjíríà títí dé òkè pátápátá lápá àríwá, wákàtí tí oòrùn fi ń mú lójúmọ́ láàrin ọdún jẹ́ bíi mẹ́ta àbọ̀ létí òkun àti mẹ́sàn-án lókè lọ́hùn-ún. Yewa sún mọ́ etí òkun ju òkè lọ. Ìdí rèé tí ohun tó wù wọ́n ní Ṣókótó, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí agbára kan wà ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo tó ti ń ṣe ààrò oòrùn, fi lè má dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu ni tiwa. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo ojú oòrùn. Oṣù kejì sí ìkẹrin ni ọjà ààrò yìí yá jù níbí.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN OBÌNRIN MÌÍRÀN RÍ

Ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Kakuma, ní Kẹ́ńyà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní ààrò oòrùn ní ọdún 1995. Láti ọdún 2005 lọ, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibùdó Iridimi ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí àwọn obìnrin tó sá kúrò ní Darfur wà. Àwọn obìnrin yìí ń jáde lọ ṣẹ́gi, àwọn oníwà ibi sì ń dá wọn lọ́nà, wọ́n ń ṣe wọ́n báṣubàṣu. Páálí àti fọ́ìlì ni wọ́n fi ń ṣe ààrò wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Fún wọn, ìkòkò kan tí oòrùn bá se jẹ́ ìrìn-àjò kan tí wọn kò ní rìn. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀, oòrùn wọn pọ̀ ju tiwa lọ.

Ní South Africa, láti ọdún 1996, wọ́n gbé oríṣi ààrò oòrùn méje fún ìdílé 66 láti dán an wò fún ọdún kan. Ọjọ́ tí wọ́n lò ó sún mọ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ yòókù, ààrò àtijọ́ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹnikẹ́ni kò fọ́ ààrò rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n gbé ti oòrùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Síbẹ̀, igi tí wọn kò sun lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn, owó ni.

Kì í ṣe owó nìkan náà o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé fa ikú bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó lé ní 237,000 sì wà lára wọn. Àwa tí ojú wa ń pọ́n lẹ́yìn ààrò, tí àyà wa ń há ní òru, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

KÍ A ṢỌ́RA

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó fi ohun mẹ́rin sọ́kàn. Kìíní, oúnjẹ tí kò jinná kí oòrùn tó wọ̀, ẹ gbé e sórí iná lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, á bàjẹ́, á sì di àìsàn. Ìkejì, ìkòkò inú rẹ̀ ń jóni bíi ti orí iná, ẹ fi aṣọ gbé e. Ìkẹta, irú kan wà tó rí bí àwo ńlá dídán, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan. Ìyẹn lágbára, ó lè dín nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́, ó sì lè dáná sun nǹkan. Kò yẹ níbi tí ọmọdé bá wà. Ìkẹrin, omi mímu: bí omi bá gbóná dé dígírì 65, tó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru á kú, kò dìgbà tó bá hó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò fi wọn ooru rẹ̀, kó jẹ́ kó hó kó lè dá a lójú.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

A dé ibi tó kan àpò gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní ẹnìkan ń ra igi N1,000 lójúmọ́. Ká ní àpótí oòrùn bá a gba iṣẹ́ igi N200 ṣe lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, tí oòrùn sì mú dáadáa ní ọjọ́ 12 nínú oṣù. N2,400 ló rí nínú oṣù náà. Bó bá jẹ́ àpótí tí a rà ní N60,000 ni, oṣù 25 ni kó tó pa owó ara rẹ̀, láì tíì ka èlé. Bó bá jẹ́ èyí tí a fi páálí àti gíláàsì àlòkù ṣe, tó ná wa ní N6,000, oṣù méjì àbọ̀ ti tó. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kálukú ló mọ iye tí ó ń ná. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a óò gbà ṣírò rẹ̀ nìyẹn, kí a tó tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó.

Owó àjọ yìí, ẹ̀jẹ̀ wa ni. Èyí tí a bá fi yá ẹlẹ́lùbọ́ ra ọjà á yí padà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èyí tí a bá gbé lé ohun tí òjò lè mú kó jókòó fún oṣù mẹ́rin, bí ó bá há, ta ni yóò san án?

OHUN TÍ A DÁBÀÁ

Nítorí náà, àwa ìgbìmọ̀ ń fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́. Èkíní: kí a má yá owó ra ààrò oòrùn kankan ní ọdún yìí. Èkejì: kí a fi owó díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ṣe àpótí mẹ́wàá fúnra wa, kí a pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá láti Ìlaròó àti Ayétòrò, kí wọ́n lò ó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìgbà òjò. Ẹ̀kẹta: kí kálukú wọn ní ìwé kékeré kan, kó máa kọ ọjọ́ tó lò ó, ohun tó sè, àti iye igi tí kò rà. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Ní àjọ̀dún tó ń bọ̀, a óò ṣí ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá níwájú gbogbo yín. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún wa bóyá kí a tẹ̀ síwájú, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á, kì í sì í ṣe ẹnu ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kó má dúró dè wá. Páálí wà lọ́jà. Àwa márààrún ṣe tán láti fi hàn án.

 Iná ààrò wa kò ní kú. Èéfín kò ní fọ́ wa lójú. Owó wa kò ní wọgbó. Ẹgbẹ́ wa yóò máa tẹ̀ síwájú ni. Àmín àṣẹ.